Tíì Aláwọ̀ Ewé Ń Kan Sẹ́ẹ̀lì Lóòótọ́, Ìwọ̀n Wo Ló Ń Débẹ̀?

Nínú ilé ìtajà ńláńlá ní Èkó àti Ìbàdàn, tíì aláwọ̀ ewé ti kúrò ní ohun mímu lásán. Wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá ikùn, ó ń lé àrùn jẹjẹrẹ sá, ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Bí a bá béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, àwọn tó kàwé díẹ̀ nínú wọn yóò dáhùn pé sáyẹ́ǹsì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀: èròjà inú tíì náà ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń pàṣẹ fún un. Apá kan ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́, òótọ́ ọ̀hún sì dùn ún gbọ́ ju bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́ lọ. A mọ ibi tí èròjà náà ń kàn lára sẹ́ẹ̀lì, a mọ ọdún tí wọ́n rí i, a mọ bí ìdìmú rẹ̀ ṣe le tó. Ṣùgbọ́n kí èròjà kan kan sẹ́ẹ̀lì, kí ohun mímu kan sì wo àrùn sàn, ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì jìn, ìwọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló sì ń pinnu bóyá a ó rìn ín já. Èrò tèmi ni pé nínú gbogbo ohun tó wà nínú ife tíì, kaféènì, tí ẹnikẹ́ni kì í fi polówó, ni ẹ̀rí rẹ̀ pé jù. EGCG, èròjà inú tíì tí wọ́n ń fi polówó, lágbára nínú àwo yàrá àyẹ̀wò, agbára náà sì dín kù gan-an nígbà tó bá dé inú ara ènìyàn. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti hàn kedere jù lára ènìyàn sì jẹ́ ibi tó yẹ kí a ti ṣọ́ra.

Igi kan náà ni wọ́n ti ń já ewé tíì dúdú tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ àti ewé tíì aláwọ̀ ewé. Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pe igi náà; ní Nàìjíríà, orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba ni wọ́n ti ń gbìn ín, nítorí ó fẹ́ràn ilẹ̀ gíga tó tutù. Ohun tí wọ́n ṣe sí ewé náà lẹ́yìn tí wọ́n já a tán ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe tíì dúdú, wọ́n á fún ewé náà, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ á sì sọ àwọn èròjà tó ń jẹ́ catechin di nǹkan mìíràn tó pọ́n tó sì dúdú. Bí ó bá jẹ́ tíì aláwọ̀ ewé ni, kíá ni wọ́n á fi ooru pa ẹ́ńsáìmù yẹn: àwọn ará Japan a máa fi oru omi gbígbóná ṣe é, àwọn ará Ṣáínà a sì máa yan án nínú agbada. Ìdí nìyẹn tí catechin fi ṣẹ́kù púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni epigallocatechin gallate, tí gbogbo ayé gé kúrú sí EGCG. Ife kan sábà máa ń ní bíi 50 sí 100 mílígíráàmù rẹ̀. Kaféènì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bíi 30 sí 50 mílígíráàmù nínú ife kan, kò tó ti kọfí.

Sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í gba ohun gbogbo wọlé. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ ọ̀rá ló bò ó yíká, púpọ̀ nínú ohun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn kò sì lè gba ara rẹ̀ kọjá. Àwọn purotéènì kan tó yọrí jáde lára awọ yìí ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì mọ ohun tó ń lọ níta. Àwọn ni à ń pè ní rìsẹ́pítọ̀. Ní 1894, Emil Fischer, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, sọ pé ẹ́ńsáìmù àti ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu bí àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wá mú àfiwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rìsẹ́pítọ̀, ó sì bá a mu. Kọ́kọ́rọ́ kan lè wọ ihò, kó yí, kí ilẹ̀kùn ṣí. Òmíràn lè wọ ihò kó má yí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ihò, kọ́kọ́rọ́ gidi kò ní ráyè wọlé. Ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ wọ̀n ni iye èròjà tó gbọ́dọ̀ wà láyìíká kí ìdajì àwọn rìsẹ́pítọ̀ tó lè ní kọ́kọ́rọ́ nínú. Bí iye yìí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ìdìmú náà ṣe le tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á wá béèrè bóyá irú iye bẹ́ẹ̀ lè wà nínú ara ẹni tó ń mí, tó ń jẹun, tó sì ń tọ̀. Ìbéèrè kejì yìí ni àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára páálí kì í dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí kaféènì bẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ bí ẹ̀rí tó pé ṣe ń rí. Láti ìgbà tí a bá ti jí, bí ọpọlọ ṣe ń ná agbára ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ń pọ̀ sí i láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Adenosine a wọ inú rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n pè ní A1 àti A2A, oorun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun ènìyàn. Kaféènì jọ adenosine débi pé ó lè wọ ihò yẹn, àmọ́ kò jọ ọ́ débi pé ó lè yí i. Kò fún ẹnikẹ́ni ní agbára kankan; ìròyìn àárẹ̀ ló dí lọ́nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kaféènì tí a bá mu ló ń wọ ẹ̀jẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, ọpọlọ kì í sì í dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni obì gbànja àti obì àbàtà ṣe ń ṣiṣẹ́: kaféènì kan náà ló wà nínú wọn, rìsẹ́pítọ̀ kan náà ló ń lọ bá, ìdí sì nìyẹn tí awakọ̀ ọ̀nà jíjìn fi ń jẹ obì lóru.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀rí tó dá mi lójú ni iṣẹ́ tí àwọn olùṣèwádìí ní ìlú Osaka lórílẹ̀-èdè Japan gbé jáde ní 2005. Wọ́n lo eku tí a ti yọ jíìnì tó ń ṣe A2A kúrò lára wọn, wọ́n sì fún wọn ní kaféènì. Kaféènì náà kò lé oorun lójú wọn rárá. Nígbà tí wọ́n lo eku tó jẹ́ pé A1 ni kò ní, kaféènì ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn eku náà kò sùn. Kò tún sí àríyànjiyàn mọ́ nípa rìsẹ́pítọ̀ tó ń jẹ́ kí kaféènì lé oorun. A mọ ibi tó ń kàn, a mọ̀ pé ìwọ̀n tí ènìyàn ń mu tó láti kàn án, a mọ̀ pé bí a bá yọ ibẹ̀ kúrò iṣẹ́ náà á dáwọ́ dúró, àwa fúnra wa sì ń rí i bí oorun ṣe ń dá lójú ẹni tó mu ún. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ ká gbé ka orí EGCG.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, theanine, èròjà mìíràn nínú tíì, kò gbọdọ̀ gba ọ̀pọ̀ àyè níhìn-ín. Láti ọdún 1949 ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde nínú ewé tíì ní Japan. Ó jọ glutamate, èròjà tí ọpọlọ fi ń gbé ọ̀pọ̀ ìròyìn káàkiri, ó sì ń wọ rìsẹ́pítọ̀ glutamate, ṣùgbọ́n ìdìmú rẹ̀ kò le rárá ní ẹ̀gbẹ́ ti glutamate fúnra rẹ̀. Ìkorò tíì ló yẹ kí a dúró wò díẹ̀. Ènìyàn ní nǹkan bíi rìsẹ́pítọ̀ 25 tó ń mọ ohun kíkorò, wọ́n sì wà lórí ahọ́n. Àwọn olùṣèwádìí ti fi hàn pé àwọn catechin bíi EGCG ń ta àwọn tí wọ́n pè ní TAS2R14 àti TAS2R39 jí. Ẹnu nìkan ni ibi tí EGCG ti ń kan sẹ́ẹ̀lì wa ní ìwọ̀n tó wà nínú ife gan-an, kí omi ara tó là á, kí ẹ̀dọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń wá ìbápàdé tíì àti rìsẹ́pítọ̀ tí kò ní iyèméjì nínú, kó bu tíì tí kò ní ṣúgà mu lẹ́ẹ̀kan.

Ní 2004 ni Hirofumi Tachibana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kyushu, Japan, kéde pé àwọn ti rí rìsẹ́pítọ̀ EGCG. Ọgbọ́n tí wọ́n fi rí i dára púpọ̀. Wọ́n ti kíyè sí i pé bí wọ́n bá fi èròjà kan tó wá láti inú fítámì A tọ́jú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, EGCG túbọ̀ máa ń dá ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì náà dúró. Wọ́n wá bi ara wọn pé: purotéènì wo ló pọ̀ sí i lára sẹ́ẹ̀lì yìí tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀? Ìwákiri náà gbé wọn dé ọ̀dọ̀ 67LR, rìsẹ́pítọ̀ kan tí wọ́n ti mọ̀ láti 1983 gẹ́gẹ́ bí ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di laminin mú, ìyẹn purotéènì tó wà nínú ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jókòó lé. Nígbà tí wọ́n fi 67LR kún ara sẹ́ẹ̀lì, EGCG lẹ̀ mọ́ ọn púpọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n fi ohun mìíràn bo 67LR mọ́lẹ̀, EGCG kò rí ibi dì mú mọ́. Wọ́n wọn ìdìmú náà, wọ́n rí i pé bíi 0.04 máíkírómóòlù nínú lítà kan ti tó kí ìdajì àwọn rìsẹ́pítọ̀ kún. Ìdìmú tó le nìyẹn. Kaféènì kò lẹ̀ mọ́ ọn ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn catechin tí kò ní ẹ̀ka gallate tó wà lára EGCG.

Iṣẹ́ wọn kò parí síbẹ̀. Ní 2008 wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ awọ sára eku, wọ́n sì fi EGCG sínú ohun tí wọ́n ń fún àwọn eku náà. Jẹjẹrẹ náà kò dàgbà tó bó ṣe yẹ, àfi lára àwọn tí wọ́n ti pa ohùn 67LR mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wọn. Lára ti ìwọ̀nyẹn, EGCG kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe. Ní 2013 wọ́n tọ ipa ọ̀nà náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì: bí EGCG bá di 67LR mú, èròjà kan tó ń jẹ́ cGMP a pọ̀ sí i, lẹ́yìn ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ní ẹ́ńsáìmù tó ń ba cGMP yìí jẹ́, àti pé bí a bá fi vardenafil, oògùn tí àwọn ọkùnrin ń lò fún àìlera ojú ara, dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́, iṣẹ́ EGCG a túbọ̀ le. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì gidi ni èyí, mi ò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ EGCG ṣẹ̀sín. Lára eku, wọ́n ti ṣe irú ìdánwò tí àwọn ará Osaka ṣe fún kaféènì.

Ọ̀nà kan kò wọjà, EGCG náà kò sì gba ọ̀nà 67LR nìkan. Ní 2007 àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ó ń dí EGFR lọ́wọ́, rìsẹ́pítọ̀ kan tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ sí i. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìṣètò awọ ọ̀rá tí EGFR fìdí múlẹ̀ sí ni EGCG yí padà. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2014 láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ Weill Cornell ní New York gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú: EGCG, pẹ̀lú àwọn èròjà tó ti di ìlúmọ̀ọ́ká bíi ti inú atalẹ̀ pupa àti ti inú ata, máa ń rọ awọ sẹ́ẹ̀lì, oríṣiríṣi purotéènì tí kò bára wọn tan a sì yí ìṣe wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí gbé ìbéèrè ńlá dìde. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwádìí ló ti sọ pé EGCG ń kan rìsẹ́pítọ̀ báyìí tàbí ẹ́ńsáìmù báyìí. Bí èròjà kan bá ń rọ gbogbo awọ tí àwọn purotéènì wà lórí rẹ̀, a óò rí i pé ó kan gbogbo ohun tí a bá wò, láìjẹ́ pé ó ní kọ́kọ́rọ́ kankan fún wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, EGCG kì í fara balẹ̀ nínú omi tí wọ́n fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ní yàrá àyẹ̀wò. Ó máa ń bá ọ́síjìn ibẹ̀ jà, ó sì máa ń pèsè hydrogen peroxide, èyí tí ń pa sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n rò pé tíì pa, hydrogen peroxide ló pa á.

Ìwọ̀n ni kókó. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí inú àwo, 20 sí 100 máíkírómóòlù EGCG ni wọ́n ń dà sórí sẹ́ẹ̀lì. Nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó mu tíì, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà tó máíkírómóòlù 1, kódà lásìkò tó bá pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí olówò. Máíkírómóòlù 1 EGCG nínú lítà kan kò tó ìdajì mílígíráàmù. Apá ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ omi nínú ara àgbàlagbà jẹ́ bíi lítà 3. Nítorí náà, bí ìwọ̀n náà bá tiẹ̀ dé máíkírómóòlù 1, gbogbo EGCG tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà lásìkò yẹn kò pé mílígíráàmù kan àbọ̀, nígbà tó jẹ́ pé bíi 50 sí 100 ló wà nínú ife kan ṣoṣo. Àwọn tó kù dà? Ìfun kò gba púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlé; àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun fọ́ púpọ̀ sí wẹ́wẹ́; ẹ̀dọ̀ lẹ nǹkan mìíràn mọ́ èyí tó wọlé kí ara lè gbé e dànù; purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ sì di púpọ̀ mú nínú ìyókù. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti ń lọ. Kaféènì kì í jẹ irú ìyà báyìí.

Ẹnìkan lè ta kò mí níhìn-ín pé bí 67LR bá nílò 0.04 máíkírómóòlù péré, ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó mu tíì ti tó, kódà ó ti ṣẹ́kù. Àtakò yìí lágbára, òun gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ Tachibana ṣe pàtàkì ju ti àwọn tó ń da 100 máíkírómóòlù lọ. Ṣùgbọ́n kí rìsẹ́pítọ̀ kún yàtọ̀ sí kí ara yá, ara ènìyàn nìkan ló sì lè jẹ́rìí sí èyí tó kẹ́yìn. Ní Mayo Clinic, Amẹ́ríkà, àwọn dókítà fún àwọn aláìsàn 42 tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ní oògùn tí wọ́n fún láti inú tíì aláwọ̀ ewé, tí ìwọ̀n EGCG inú rẹ̀ jẹ́ 2,000 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2013, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù lára nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn, kókó ọrùn àti abíyá sì fà lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n náà: 4,000 mílígíráàmù lójúmọ́, tó tó ife tíì 40 ó kéré tán. Kò sì sí ẹgbẹ́ tí wọ́n fún ní oògùn asán kí a lè fi wọ́n wéra.

Ti jẹjẹrẹ pọ́rósítéètì tún kọ́ni lọ́gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ní 2006 àwọn dókítà Ítálì ròyìn pé wọ́n fún àwọn ọkùnrin 30 tó wà ní bèbè àrùn náà ní 600 mílígíráàmù catechin lójúmọ́ fún ọdún kan, wọ́n fún 30 mìíràn ní oògùn asán. Ẹyọ kan ló ní jẹjẹrẹ nínú àwọn tó lo catechin, 9 nínú ìyókù. Kíá ni ìròyìn náà tàn ká ayé. Ní 2015 àwọn ará Florida gbé tiwọn jáde, lórí ọkùnrin 97 tí wọ́n pín sí méjì, pẹ̀lú 400 mílígíráàmù EGCG: 5 ló ní jẹjẹrẹ nínú àwọn 49 tó lò ó, 9 nínú àwọn 48 tí kò lò ó. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe èèṣì. Ìwádìí àkọ́kọ́ ló ń dé ara páálí, ìkejì kì í débẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí a fi eku àti àwo sílẹ̀, kí a wo àwọn ará Japan tó ń mu ún láti ìran dé ìran, tí wọ́n sì ń pẹ́ láyé. Wọ́n ti wò ó. Ní agbègbè Ohsaki, wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà 40,530 fún ọdún 11, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2006. Àwọn tó ń mu ife 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kì í tètè kú tó àwọn tí kì í mu ife kan pé, pàápàá ikú tó bá ti inú àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ wá, èyí sì hàn lára àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ikú tí jẹjẹrẹ ń fà, kò sí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn ará Japan jẹ́rìí gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí wọn tán, kó má mú èyí tó wù ú nìkan. Ní 2020, àwọn olùyẹ̀wò Cochrane kó ìwádìí 142 jọ lórí tíì aláwọ̀ ewé àti jẹjẹrẹ, tó kan àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí náà kò dúró sójú kan. Kò jọ pé ọ̀rọ̀ náà yóò yí padà lọ́la òde yìí.

Àtakò kan ṣì kù tó sún mọ́ wa: ṣé àwọn bàbá wa ń fi òṣùwọ̀n wọn àgbo ni, tí ó sì ń ṣiṣẹ́? Mo gbà pé ewéko lè ṣiṣẹ́. Tíì gan-an jẹ́ ẹlẹ́rìí sí i. Ní 2006, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìpara kan tí wọ́n fi catechin tíì aláwọ̀ ewé ṣe, fún àwọn ẹran kéékèèké tí fáírọ́ọ̀sì ń mú hù ní ojú ara. Oògùn inú ewéko àkọ́kọ́ tí àjọ náà fọwọ́ sí bẹ́ẹ̀, pé kí dókítà máa kọ ọ́ fún aláìsàn, ni. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ kò ṣòroó lóye. Ìdá 15 nínú 100 ìpara náà jẹ́ èròjà tíì, ojú ibi tí àrùn wà ni wọ́n sì ń fi í pa, kò gba inú ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ kọjá. Èròjà kan náà tó ń kùnà bí a bá mu ún ń ṣiṣẹ́ bí a bá fi í pa ara, nítorí pé níbẹ̀ ló ti pọ̀ tó.

Àwọn tó ń polówó kì í sọ pé lára ènìyàn tó ń lo oògùn ni a ti ń rí ọwọ́ agbára tíì yìí ketekete. Ní Japan, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn 10 tí ara wọn dá mu tíì aláwọ̀ ewé 700 mílílítà lójúmọ́ fún ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní nadolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwọ̀n oògùn tó wọ ẹ̀jẹ̀ wọn fi ìdá 85 nínú 100 dín sí ti ìgbà tí wọ́n mu omi lásán. Ohun tí wọ́n fura sí ni pé èròjà tíì dí purotéènì tó ń gbé nadolol wọlé lára sẹ́ẹ̀lì ìfun. Ti ìwádìí 2009 burú ju èyí: nínú yàrá àyẹ̀wò àti lára eku, EGCG so mọ́ bortezomib, oògùn jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn egungun, ó sì sọ ọ́ di aláìlágbára. Aláìsàn tó ń mu tíì tàbí kápúsù rẹ̀ kí jẹjẹrẹ lè lọ lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí oògùn tó ń wò ó lọ́wọ́. Catechin tún máa ń di èròjà áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ mú, kò ní jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí fún aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Kápúsù ló sì yẹ kí a bẹ̀rù ju ife lọ. Ẹni tó ń mu tíì lásán sábà máa ń rí 90 sí 300 mílígíráàmù EGCG lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, ní 2018. Àjọ náà sọ pé láti 800 mílígíráàmù lọ sókè nínú kápúsù, àmì ìpalára ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Minnesota, wọ́n fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró ní 843 mílígíráàmù lójúmọ́ fún ọdún kan. Nǹkan bí 5 nínú 100 wọn ni àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́, ewu náà sì jẹ́ ìlọ́po 7 ti àwọn tó lo oògùn asán. Bí a bá gbé kápúsù náà mì lórí ikùn òfìfo, EGCG tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ a ju ìlọ́po mẹ́ta lọ sí ti ẹni tó ti jẹun, bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó fẹ́ẹ́ fọn ni a ti sábà máa ń rí ẹni tó ń lo irú kápúsù báyìí láìjẹun.

Ẹni tó bá fẹ́ràn tíì aláwọ̀ ewé, kó máa mu ife rẹ̀ lọ, kó jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí àsìkò oúnjẹ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó. Ẹni tó bá wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn jẹjẹrẹ tàbí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń mu ún, kó sì dárúkọ iye ife. Ní ti kápúsù, láti 2022 ni òfin Yúróòpù ti pàṣẹ pé EGCG inú èyí tí ènìyàn máa lò lójúmọ́ gbọ́dọ̀ dín sí 800 mílígíráàmù, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ike, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 má lò ó, àti pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó lórí ikùn òfìfo. Bí ẹ bá rí èyí tí kò kọ ìwọ̀n EGCG sára ike rẹ̀ lórí àtẹ, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.